Ọdún Tí Akínwùmí Sọ̀ Kalẹ̀ Látorí Kiréènì

"Dádì Ṣayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

Ìbéèrè tí Adéṣẹwà bi Akínwùmí nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí wọ́n jọ ń gbé ní Olódi-Àpápá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà. Fìtílà sólà tí ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un pé kó máa fi kàwé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ilé yẹn, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìsìnkú ẹni tí wọn ò mọ̀ rí pàápàá, àwọn ìyá á kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí orí wọn ká, wọ́n á ní kó má kan àwọn, kí ọ̀rọ̀ tó lè tẹ̀ síwájú. Kí ọmọdé wá dúró níwájú ọkùnrin tó wà láàyè, tó ń rẹ́rìn-ín, kó sì bi í bóyá ó fẹ́ kú, èpè ni létí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Amúkòkò ni wọ́n bí Akínwùmí sí. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìdànrè, fi ọ̀pọ̀ ọdún ru àpò sìmẹ́ńtì ní èbúté Àpápá, èjìká rẹ̀ ọ̀tún sì lọ sílẹ̀ ju tòsì lọ títí wọ́n fi sin ín. Akínwùmí náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń fi irin de kọ̀ǹtéénà mọ́ ara wọn nínú ọkọ̀ òkun. Ó ń dè é, ó ń wòkè. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó gbà á ń wá àwọn tí wọ́n máa kọ́ ní kiréènì, kò jẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ parí ọ̀rọ̀ tó fi na ọwọ́. Bó ṣe di ẹni tó ń jókòó nínú yàrá onígíláàsì kékeré tó wà lókè téńté nìyẹn, tí kọ̀ǹtéénà á máa lọ, á máa bọ̀ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìṣáná nínú páálí.

Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ inú ilé pé òun ń rí gbogbo Ajégúnlẹ̀ láti òkè yẹn, àti pé kò sí ẹni tó lè sá nílé-ìwé kí òun má rí i. Bí ó bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, á tọ́ka sí ọ̀kan nínú wọn. "Ìwọ, mo rí ẹ lánàá. Wọ́n ń kọrin àárọ̀ lọ́wọ́, ìwọ ń ra búrẹ́dì." Ọmọ náà á búra pé kì í ṣe òun, lẹ́yìn náà á béèrè bóyá ó rí àwọ̀ ọ̀rá tí wọ́n fi di búrẹ́dì ọ̀hún. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín.

Adéṣẹwà kì í sọ̀rọ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá rán an sí yàrá ẹlòmíràn, á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹnì kan á fi ṣèèṣì rí i. Nítorí èyí ni Akínwùmí fi sọ ọ́ ní Agbẹnusọ. "Ẹ dákẹ́," á ní, "Agbẹnusọ dé, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ìjọba wí." Ọmọ náà á fi ọwọ́ bo ojú. Kò bínú sí i rí, torí pé lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti rẹ́rìn-ín tán, Akínwùmí máa ń dúró lóòótọ́ láti gbọ́ ohun tó wá sọ.

Ìyàwó rẹ̀ ni Ọmọ́lẹ́yẹ, tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Amúkòkò. Ṣayọ̀ ni ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ pẹ̀lú Adéṣẹwà àti ìyá rẹ̀, Josephine, ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, tí kò sì sí ètò tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sí.

Ẹni tó bá wà lókè kiréènì kì í dá rí ilẹ̀ tán. Ẹlòmíràn ló máa ń dúró nísàlẹ̀, tó ń fi ọwọ́ àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ júwe fún un: gbé e, mú un wá sọ́tùn-ún, dúró. Tega ni ẹni tirẹ̀. Ọmọ Urhobo ni, ìyá rẹ̀ ń gbé nítòsí Bọ́ńdárì ní Ajégúnlẹ̀, òun àti Akínwùmí sì ti jọ ṣiṣẹ́ títí tí wọ́n fi ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ òjò kan, Tega sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ náà pé, "Ọ̀gá, bring am down small small." Akínwùmí ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wáyà kan já. Kọ̀ǹtéénà náà fì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ náà kàn ń hó ṣáá, kò sí ohùn èèyàn nínú rẹ̀ mọ́.

Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn rẹ̀. Inú lọ́hùn-ún ni ìpẹtà ti jẹ wáyà náà, kò sí ojú tó lè rí i. Wọ́n ní kó lọ sinmi díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan gbà á nímọ̀ràn pé kó má yọjú síbi ìsìnkú, pé inú ẹbí ṣì ń gbóná, pé wọ́n lè lù ú. Ó gbọ́ tiwọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Tega, ó wọ aṣọ dúdú tán, ó sì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìdúpẹ́ ló tẹ̀ lé e. Nínú ìjọ wọn, ẹni tí Ọlọ́run bá yọ nínú ewu kì í dákẹ́. Ó gbọ́dọ̀ jó wá síwájú pẹpẹ, tẹbí-tọ̀rẹ́ á sì jó tẹ̀ lé e. Josephine ló ṣètò rẹ̀, tọkàntọkàn ló sì fi ṣe é. Ó ní bí kì í bá ṣe Ọlọ́run ni, ẹ̀wọ̀n ni Bàbá Ṣayọ̀ ì bá wà báyìí. Ní Sọ́ńdè yẹn, pásítọ̀ pè é síta, ó ní kí ìjọ bá arákùnrin yọ̀, pé wọ́n wádìí rẹ̀ títí, wọn ò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn akọrin gbé orin. Akínwùmí jó.

Adéṣẹwà wà láàárín àwọn akọrin ọ̀dọ́, ó rí i bó ṣe ń bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá orin lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀, bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wá a. Àwọn ìyá ń ju áńkáṣíìfù sókè lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú pẹpẹ, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde. Wọ́n kọ orin yẹn tán, wọ́n kọ òmíràn, ó ṣì wà níbẹ̀, títí Ọmọ́lẹ́yẹ fi lọ fà á lápá. Josephine sọ nígbà tí wọ́n délé pé Ẹ̀mí ló bà lé e. Kò sí ẹnì kan ní gbogbo òwúrọ̀ yẹn tó dárúkọ Tega.

Láti ìgbà náà ni ohùn Akínwùmí ti ń dín kù nínú ilé. Ó padà síbi iṣẹ́, ó dé ìdí àkàbà kiréènì, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà láti dì í mú. Ó sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ló ń dun òun. Kò rí oorun sùn mọ́. Ọmọ́lẹ́yẹ se àgbo ibà fún un, ó mú un lọ sí ìṣọ́ òru, ó ń rọ̀ ọ́, ó ń bá a jà, kò sí èyí tó mú un sọ̀rọ̀. Àgbà ìjọ kan bá a jókòó, ó ní ẹni tó ní ìyàwó, tó bímọ, tí iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọpẹ́ ló kù fún un. Akínwùmí ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Orí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wá ń jókòó sí láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Kò sọ fún ọmọ kankan mọ́ pé òun rí i láti òkè. Bí Adéṣẹwà bá ń ti ilé-ìwé bọ̀, tó kí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á gbé ọwọ́ sókè láti dá a lóhùn, ọwọ́ náà á sì dà bí ohun tó wúwo.

Ni ara rẹ̀ bá dédé yá. Ó jí lọ́jọ́ kan, ó fá irùngbọ̀n, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù. Ó fún ọmọ onílé ní agogo ọwọ́ rẹ̀. Bàtà aláwọ̀ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fún ọ̀kan nínú àwọn akọrin. Fáànù tó ń dúró fúnra rẹ̀, ó gbé e fún Philomena, opó tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Inú gbogbo ilé dùn. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ́ ìdúpẹ́ yẹn ló ń san. Philomena ní ẹ̀jẹ́ kọ́, pé ẹni tó bá ń fi fáànù tọrẹ nínú ooru Èkó yìí, Kánádà ló ń lọ.

"Bàbá Ṣayọ̀, ẹ má sá mọ́ wa lọ́wọ́ o," ó sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo wọn. "Tí físà bá ti jáde, ẹ wí. Ká bá yín ra jákẹ́ẹ̀tì, òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré."

Akínwùmí rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi tí òun ń lọ, wọn ò nílò jákẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Adéṣẹwà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Nwakaego wá bá wọn sọ̀rọ̀ nílé-ìwé láti ọsibítù ìjọba tó wà ládùúgbò. Ooru mú, ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì ń tòògbé. Obìnrin náà ní, ẹni tí ìbànújẹ́ bá ti gbé mì fún ìgbà pípẹ́, tó bá dédé túra ká, tó ń fi ohun ìní rẹ̀ tọrẹ bí ẹni tó ń dágbére, kí wọ́n má kàn bá a yọ̀. Kí wọ́n bi í. Kí wọ́n má fi àdàpè bò ó, kí wọ́n pè é ní ikú. Ó ní bíbi èèyàn kì í fi í sí i lọ́kàn, pé bó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹni tó máa bi í ló ń dúró dè. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n sì wá àgbàlagbà tó máa mú un dé ọsibítù.

Àgbàlagbà tí Adéṣẹwà ní kò ju ìyá rẹ̀ lọ. Wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà nírọ̀lẹ́ nígbà tó sọ ọ́ fún un. Josephine ju ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ yí orí ká, ó ní ta ló rán ọmọ òun láti máa ro ikú ro ọkọ ọlọ́kọ. Ó ní kó lọ ka Sáàmù.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Sátidé náà, nígbà tí Akínwùmí gbé fìtílà jáde. "Agbẹnusọ," ó ní. Ó ti pẹ́ tó ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. "Gbà, máa fi kàwé. Kó o sì máa sọ̀rọ̀ ní kíláàsì o, kí wọ́n má lọ yọ ẹ́ nípò."

Ó gbà á. Ó dúpẹ́. Ó sì béèrè.

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Akínwùmí fún ìgbà díẹ̀, bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀, kó tó parẹ́. Ó ń wo ọmọ náà. Ṣùgbọ́n Josephine, tó ń dáná lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ti gbọ́. Ó dé bí ìjì, ó fọ́ ọmọ rẹ̀ létí. "Ṣé wọ́n rán ẹ sí wa ni? Ṣé irú ọmọ tí mo bí nìyí?" Lójú ẹsẹ̀ ló kúnlẹ̀ fún Akínwùmí. "Bàbá Ṣayọ̀, ẹ má bínú, ọmọdé ni. Ẹ ò ní kú. Ẹ máa gbó, ẹ máa tọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sọ́kàn."

Akínwùmí wo obìnrin tó kúnlẹ̀ náà. "Ẹ dìde, Ìyá Ṣẹwà," ló wí. Ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Adéṣẹwà gbọ́ bí irin ilẹ̀kùn ṣe wọlé. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ múra, pé àsìkò ìdánrawò orin ti tó. Ó ní òun ò lọ. Kò kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu rí láyé rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Akínwùmí, ó gbé ẹnu sí àlàfo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ. Ó sọ fún un pé òun wà níbẹ̀. Ó sọ pé ìṣirò tí wọ́n ṣe lánàá kò yé òun, pé tíṣà wọn máa ń tutọ́ bó bá ń ṣàlàyé. Ó sọ pé Ṣayọ̀ ti mọ orúkọ rẹ̀ kọ, pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń kọ ní ìdoríkodò. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀, á ní, "Mo ṣì wà níbí o, Dádì Ṣayọ̀." Kò sí ohùn láti inú yàrá, àfi àga kan tó dún bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó sórí rẹ̀.

Josephine dúró tì í pẹ̀lú ìbínú. Lẹ́yìn náà, òun náà kan ilẹ̀kùn. "Bàbá Ṣayọ̀?" Ó tún kàn án. Ó wo fìtílà tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó wo yàrá ẹ̀yìn níbi tí fáànù ti ń fẹ́, ó sì dà bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i lójú. Ó tú gèlè, ó fi gbàjá, ó pe Philomena pé kó wá jókòó ti ọmọ náà, pé bí nǹkan kan bá dún, kí wọ́n já ilẹ̀kùn. Òun fúnra rẹ̀ sáré wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Amúkòkò.

Ọmọ́lẹ́yẹ dé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Adéṣẹwà sọ ohun tó béèrè fún un, ó sì sọ pé wọn ò tíì dá òun lóhùn. Ó ń retí ìgbájú kejì. Ọmọ́lẹ́yẹ kò bá a wí. Ó gbé iwájú orí rẹ̀ lé pákó ilẹ̀kùn. "Akin, èmi ni. Mi ò wá bá ẹ jà. Ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ó pẹ́. Irin náà fà padà.

Ẹkún tí wọ́n gbọ́ láti inú yàrá yẹn, Adéṣẹwà kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin rí. Orúkọ Tega ló ń pè. Josephine jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì lè gbàdúrà. Ayálégbé kan ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí wọ́n dín ohùn kù, pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, òfin ń mú un, pé bí ọlọ́pàá bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n lè wá gbé e. Josephine ní kí ẹni tó bá fẹ́ pe ọlọ́pàá lọ pè é, kí ẹni tó bá mọ ibi tí kẹ̀kẹ́ wà lọ mú un wá. Adéṣẹwà sọ orúkọ nọ́ọ̀sì náà àti ọsibítù rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń mú Akínwùmí jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Lẹ́yẹ, ṣé ilé-ìwòsàn àwọn wèrè ní Yábàá lẹ fẹ́ gbé mi lọ?"

"Ibi tí wọ́n bá ní ká lọ ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Èmi náà ń lọ."

Ọmọ́lẹ́yẹ ló sọ ìyókù fún wọn lẹ́yìn náà. Ó ní Nọ́ọ̀sì Nwakaego kò pariwo, kò sì fi ọwọ́ yí orí. Ó gbé àga sún mọ́ ọn, ó béèrè ohun tí ọmọ náà béèrè, bí ìgbà tí wọ́n bá ń béèrè ibi tó ń dun èèyàn. Akínwùmí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkàn. Wọ́n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ ẹni tí á máa bá sọ̀rọ̀.

Nílé, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kó tó jò. Àwọn ọmọ òpópónà kejì ń pè é ní Bàbá Yábàá. Nínú ìjọ, àwọn kan wà tí wọn kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ mọ́. Oògùn náà ń gbẹ ẹ lẹ́nu, ó sì ń mú kó sùn bí òkúta, tó bẹ́ẹ̀ tó fi sùn kọjá ọjọ́ tí Ṣayọ̀ ké ewì níwájú àwọn òbí nílé-ìwé. Ọmọ náà bínú sí i fún ìgbà pípẹ́. Philomena gbé fáànù padà wá sẹ́nu ọ̀nà Akínwùmí, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Láti ìgbà náà, bí Ọmọ́lẹ́yẹ bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, opó náà á gbé ẹ̀fọ́ tó fẹ́ ṣà wá sórí bẹ́ǹṣì, á ní ọwọ́ òun ń dun òun, kí Bàbá Ṣayọ̀ bá òun já a. Ọwọ́ rẹ̀ kò dùn ún.

Josephine lọ bá pásítọ̀. Ó sọ fún un pé òun lòun ṣètò ìdúpẹ́ yẹn, pé ọ̀fọ̀ ni ọkùnrin náà ń ṣe, àwọn sì mú un jó. Pásítọ̀ wá sílé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jókòó ti Akínwùmí. Ó bi í pé, "Kí lorúkọ ẹni tó kú?"

"Tega," ni Akínwùmí wí.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ sí Bọ́ńdárì. Akínwùmí rò pé wọ́n máa lé òun. Ìyá Tega ń lọ ata nígbà tí wọ́n wọlé. Ó wò ó títí, ó nu ọwọ́. "Na you I dey wait since," ó ní. "Na you hear my pikin voice last. Wetin e talk?"

Akínwùmí sọ ọ́ fún un. Obìnrin náà ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Wọ́n jọ sunkún lórí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, tí kò jẹ́ nǹkan kan, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán.

Akínwùmí kò gun kiréènì mọ́. Ilé-iṣẹ́ fi í sí ilé ìkẹ́rùsí nísàlẹ̀, níbi tí òórùn ẹja dídì kì í ti í kúrò lára aṣọ. Ó ń lọ síwájú dókítà bí wọ́n ṣe dá ọjọ́ fún un. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní ọdún kejì, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, nǹkan náà tún dé. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló gbé síbí oúnjẹ kalẹ̀, ó ní, "Lẹ́yẹ, ó ti ń padà wá o." Ọmọ́lẹ́yẹ ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì jọ lọ sí ọsibítù.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Akínwùmí àti Adéṣẹwà ń kí ara wọn lójoojúmọ́, ọkùnrin náà kò sì mẹ́nu kan ìbéèrè náà rí. Josephine kò sọ̀rọ̀ ìgbájú yẹn mọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá la ẹnu, ó máa ń dákẹ́ títí á fi sọ tán. Ti àwọn tó kù ni kò tán. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ sọ fún Adéṣẹwà pé ẹnu rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún ọ̀rọ̀ náà, pé bí kò bá pe ikú, ikú ì bá má ya ilé wọn. Adéṣẹwà rántí ohun tí nọ́ọ̀sì wí, ṣùgbọ́n ó tún ń rántí bí ẹ̀rín ṣe kúrò lẹ́nu Akínwùmí. Bóyá fáànù àti bàtà jẹ́ ọrẹ lásán. Bóyá òun lòun gbé ohun tó burú jù fún un. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un ju ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ lọ, kò sì tún nígboyà láti bi í.

Ó ti dé kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ìwé gírámà nígbà tí Ọmọ́lẹ́yẹ ní kó bá òun gbé kúlà oúnjẹ tẹ̀ lé Akínwùmí lọ sọ́dọ̀ ìyá Tega, torí pé aṣọ ìyàwó kan há òun lọ́wọ́. Ó ti di àṣà Akínwùmí láti máa lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ó bá obìnrin náà tún ẹnu ẹ̀rọ omi rẹ̀ ṣe, ó jókòó, obìnrin náà ń bá a wí pé ó ti rù. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, òjò ká wọn mọ́ Bọ́ńdárì. Wọ́n sá sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì, wọ́n sì dúró, kúlà wà láàárín wọn. Òjò ń lù lórí páànù. Akínwùmí kò fẹ́ràn òjò. Ó fi ọwọ́ di òpó mú.

Adéṣẹwà rí ọwọ́ náà. Ó ti ro ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo rẹ̀ sì parẹ́ lórí rẹ̀. "Dádì Ṣayọ̀," ó ní, "ẹ dárí jì mí. Ohun tí mo bi yín lọ́jọ́ yẹn."

Kò béèrè ọjọ́ wo. Ó ń wo omi tó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, Adéṣẹwà sì rò pé kò ní dáhùn, bíi ti ìgbà yẹn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Mo fẹ́ kú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo dá sí ọkàn mi. Gbogbo ilé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ìwọ lo bi mí, mi ò sì lè fèsì, torí bí mo bá la ẹnu, ẹkún ló máa jáde níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Ìwọ kọ́ lo gbé e wá. Ó ti wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mò ń gbé e. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, ó ṣì máa ń dé nígbà míì. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé báyìí, mo máa ń sọ ọ́."